Fuji inú àpò àti Fuji inú oòrùn: ápù tí mò ń rà ní Hirosaki

Ṣọ́ọ̀bù àwọn àgbẹ̀ kan ní Hirosaki, ní agbègbè Aomori lórílẹ̀-èdè Japan, ni mo ti ń ra ápù, mi ò sì rí ìdí tí màá fi kúrò níbẹ̀. Aomori nìkan ń pèsè ju ìdajì ápù Japan lọ. Fujisaki tó wà ní tòsí Hirosaki ni wọ́n sì ti mú Fuji, ìyẹn irú ápù kan, jáde, kó tó gba orúkọ ní 1962. Wọn kì í ta gbàrọgùdù fún ará ibẹ̀.

Ohun tó wù mí ni pé wọn kì í da oríṣi Fuji méjèèjì pọ̀. Èyí tí wọ́n fi àpò bébà bò lórí igi wà lọ́tọ̀, èyí tó gba oòrùn, tí wọ́n ń pè ní Sun Fuji, wà lọ́tọ̀.

Ti inú àpò rẹwà gan-an ni. Nígbà tó ṣì kéré ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́ lápò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kòkòrò má baà lu ú. Tó bá ku nǹkan bí oṣù kan kí wọ́n ká a, wọ́n á bọ́ àpò òde, ó tó ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó bọ́ ti inú, kí oòrùn má baà jó o lójijì. Àwọ̀ ewé ti kúrò lára rẹ̀ nígbà yẹn, ìdí nìyẹn tó fi máa ń pupa fòò yíká. Ó le dáadáa lẹ́yín, àmọ́ adùn rẹ̀ kò jinlẹ̀.

Sun Fuji ni tèmi. Ara rẹ̀ kò jọ̀lọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan pupa, ìdí rẹ̀ wá rí bí ìyeyè tó pọ́n. Ẹ là á sí méjì, ẹ ó rí ibi tó mọ́ gaara bí ẹni pé omi rin ín, yí kóró inú ẹ̀ ká. Wọ́n ń pe ìyẹn ní “mitsu”, ìyẹn oyin. Kì í ṣe ibẹ̀ gan-an ló dùn jù, àmì pé ó gbó dáadáa lórí igi ni. Ẹ tètè jẹ ẹ́ o, torí ti inú àpò ló ń pẹ́ nílẹ̀ jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ ló jẹ mí lógún jù. Níbòmíràn, mo ti ra Fuji ńlá tí wọ́n wọ̀ lápò, síbẹ̀ kò pọ́n délẹ̀, ó rọ̀, kò ládùn. Àpọ̀jù ajílẹ̀ náítírójìn máa ń fa irú ẹ̀: igi á máa ta ewé ṣáá, ewé á ṣíji bo èso, èso á tóbi, kò ní tètè gbó. Bí kálísíọ̀mù bá tún wọ́n lára rẹ̀, ojú dúdú wẹ́wẹ́ á sọ sábẹ́ èèpo, á sì korò. Àpò bébà kò lè wo ìyẹn sàn.

Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn mí ní ṣọ́ọ̀bù yìí ni pé wọ́n máa ń kọ ọ́ sára páálí bóyá inú àpò ni tàbí inú oòrùn, wọn kì í kọ irú ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ lò. Ẹni tó bá béèrè nìkan ni wọ́n ń sọ fún, torí náà, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó.