Gboard lédè Yorùbá: bí mo ṣe rí i lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ìjọ

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ohun mẹ́ta ni ó ń gba àkókò mi jù lọ. Mo jẹ́ akọ̀wé ìjọ wa ní Ìbàdàn. Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn opó tí ìgbìmọ̀ àánú ń fún ní oúnjẹ lóṣooṣù. Mo sì máa ń jókòó ti àwọn àgbàlagbà bíi tèmi ní ọjọ́ Sátidé láti kọ́ wọn bí a ti ń lo fóònù. Iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọra, ṣùgbọ́n ìdí ìwé kíkọ ni gbogbo wọn ń já sí, èdè Yorùbá ni mo sì fi ń kọ ọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ èrò mi nípa Gboard, kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ ti Google tí ó wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, nítorí n kò tíì rí irinṣẹ́ mìíràn tí ó kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí eléyìí.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, lẹ́tà lásán tí kò ní àmì ni mo fi ń kọ gbogbo ìkéde. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ di akọ̀wé, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ará ìjọ pé: “A o pin iresi fun opo ninu ijo wa ni ojo Satide.” Opó ni mo ní lọ́kàn, àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ti kú. Ẹni tí ó bá kà á sí ọ̀pọ̀ kò ṣe àṣìṣe kankan, nítorí ọ̀rọ̀ méjèèjì di ọ̀kan náà nígbà tí a bá bọ́ àmì kúrò lára wọn. Ọgbọ̀n àpò kékeré ni a wọ̀n sílẹ̀ ní ọjọ́ náà, àwọn tí ó sì wá lé ní ọgọ́rin. Mo dúró níwájú àwọn ìyá tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ rìn wá láti àárọ̀ kùtù, mo ń ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe àwọn ni a pè. N kò lè gbàgbé ojú wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ohun tí yóò jẹ́ kí n lè máa fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù bí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì sí i lára pátákó nígbà tí mo ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé.

Gbígbé Yorùbá sórí Gboard kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. A ó ṣí Settings rẹ̀, a ó wọ ibi tí wọ́n kọ Languages sí, a ó tẹ Add keyboard, a ó sì wá Yorùbá jáde láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè tí ó wà níbẹ̀. Kò pọn dandan kí a yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò, nítorí àwọn méjèèjì lè jọ wà, kí a sì máa bọ́ láti ọ̀kan sí èkejì. Bí a bá fẹ́ lẹ́tà tí ó ní àmì, a ó di lẹ́tà náà mọ́lẹ̀ díẹ̀ títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi yọ lókè, a ó sì fa ìka lọ sí èyí tí a ń wá. Ọwọ́ á kọ́kọ́ fà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì ó mọ́ mi lára. Ní ti àwọn tí mo ń kọ́ ní Sátidé, tí ìka wọn ti le, tí ojú wọn kò sì ríran mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Preferences láti mú kí kíbọ́ọ̀dù náà ga sí i. Ìyípadà kékeré yìí nìkan ni ó jẹ́ kí ìyá kan nínú wọn, ẹni tí ó ti pinnu pé òun kò ní lè tẹ̀wé láyé òun, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ “ẹ kú àárọ̀” sí ọmọ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni ibi tí wọ́n ń pè ní Personal dictionary. A lè kọ ọ̀rọ̀ kan dáadáa síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí a sì fún un ní ìkékúrú lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta. Nígbàkígbà tí a bá tẹ ìkékúrú náà, odidi ọ̀rọ̀ yóò yọ fún wa láti mú. Mo ti kó àwọn ọ̀rọ̀ tí ìkéde kì í ṣe aláìní síbẹ̀: ìpàdé àdúrà, ọrẹ ìdúpẹ́, ẹgbẹ́ akọrin, ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ìkéde tí ó máa ń gbà mí ní wákàtí kan ní alẹ́ Sátidé kò gba ogún ìṣẹ́jú mọ́. Àwọn ọmọ ìjọ wa tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń fi owó ìrẹsì ránṣẹ́, sọ fún mi pé àwọn ọmọ wọn tí a bí sọ́hùn-ún ti ń ka ìkéde náà sókè, nítorí àmì ni ó ń sọ fún wọn ibi tí ohùn yóò gbà.

Àwọn ọ̀dọ́ kan nínú ìjọ máa ń bi mí léèrè pé kí ni mo ń fi àmì ṣe, nígbà tí gbogbo ènìyàn lè fi òye gbé e. Mo máa ń rán wọn létí pé Bíbélì Yorùbá ni ó mú kí àwọn baba wa jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí. Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde láti 1843. Ní 1875, àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run pe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa sílẹ̀. Odidi Bíbélì sì jáde ní 1884. Bí àwọn tí ń fi òjé tẹ̀wé ní ayé ìgbà náà bá lè fi àmì sí abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, n kò rí ìdí tí àwa tí ìka kan tó fún yóò fi pa á tì.

Iṣẹ́ àánú ni kíbọ́ọ̀dù yìí ti ràn mí lọ́wọ́ jù lọ. Orúkọ 34 ni ó wà nínú ìwé àwọn opó wa. Nínú ìwé àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wa, orúkọ méjì wà tí ó jọra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì rò pé ẹnì kan náà ni wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì. A fa ilà sí ọ̀kan. Oṣù méjì kọjá kí a tó mọ̀ pé ènìyàn méjì ni wọ́n. “Owó” ni ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọ̀kan, “Ọ̀wọ̀” ni ó bẹ̀rẹ̀ ti èkejì, ìyá kejì yìí sì ti jókòó sílé fún oṣù méjì, ó gbà pé ìjọ ti gbàgbé òun. Nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́, mo yọ fóònù mi jáde, mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe orúkọ yín fún mi kí n gbọ́ ọ dáadáa.” Ó pè é, mo kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, mo sì kà á padà fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Akọ̀wé, kò sí ẹni tó bi mí léèrè bẹ́ẹ̀ rí.” Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ láti ilé dé ilé, tí mo ń béèrè bí olúkúlùkù ṣe ń pe orúkọ rẹ̀.

Bí ó ti wù kí n fẹ́ràn rẹ̀ tó, ìṣòro wà tí ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó mọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀bi kíbọ́ọ̀dù. Nínú Unicode, ètò tí gbogbo ẹ̀rọ fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, bẹ́ẹ̀ náà ni á àti à. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ńṣe ni ẹ̀rọ máa ń to àmì òkè lé lẹ́tà tí ó ti ní àmì nísàlẹ̀. Nítorí èyí, bí a bá tẹ ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lè jẹ́ àmì òkè nìkan ni yóò lọ. Bí fọ́ńtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà tí ẹ̀rọ ń lò, kò bá dára, àmì náà á sún kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀. Mo ti gba ìwé ètò ìsìn kan lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé kan rí tí gbogbo ọ̀ ti di ọ àti àpótí ṣófo. Èyí tí ó tún burú jù fún olùtọ́jú orúkọ ni pé ọ̀nà tí a lè gbà to ẹ́ ju ẹyọ kan lọ, ojú kò sì lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè kà wọ́n sí ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà tí a bá ń wá orúkọ nínú àkójọ. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi nọ́ńbà sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà náà ni mo sì fi ń wá ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ náà ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó ń ná owó ìjọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba lẹ́tà 160 bí ó bá jẹ́ lẹ́tà lásán. Bí a bá ti fi ẹyọ ẹ, ọ tàbí ṣ kan péré sí i, ó di 70. Èdè Yúróòpù ni wọ́n wò ṣe àkójọ lẹ́tà tí ó ń gba 160 náà, nítorí náà à, è àti ò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n á àti ó kò sí. Ìkéde tí ì bá wọ inú ẹyọ kan á di méjì tàbí mẹ́ta, owó rẹ̀ á sì lé sí i fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan tí a fi ránṣẹ́ sí. WhatsApp kò ní irú ìdènà yìí, ibẹ̀ ni mo sì ń fi ìkéde olámì sí. Fún àwọn tí wọ́n ń lo fóònù kékeré, lẹ́tà lásán ni mo ṣì ń lò, ṣùgbọ́n n kì í kọ “opo” mọ́. “Awon obinrin ti oko won ti ku” ni mo ń kọ, ó gùn, kò sì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ní 2024 ni Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí a lè sọ sí Gboard kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mọ rírì rẹ̀ fún àwọn tí kò lè tẹ̀wé, mo sì ń fi í han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ṣùgbọ́n ìka ni èmi yóò máa lò fún orúkọ ènìyàn.

Ẹni tí ó ń kọ Yorùbá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lè má nílò rẹ̀. Akọ̀wé ìjọ tàbí ti mọ́ṣáláṣí, olùkọ́, àti ẹnikẹ́ni tí orúkọ àwọn ẹlòmíràn wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni mo ń bẹ̀ pé kí ó gbé e sórí fóònù rẹ̀ lónìí. Nínú orúkọ 34 tí ó wà lọ́wọ́ mi, 29 ti ní àmì wọn pé pérépéré. Àwọn ìyá 5 tí ó kù ń gbé lọ́nà jíjìn, mo sì ti fi Ọjọ́bọ̀ sílẹ̀ láti lọ bá wọn nílé, kí n gbọ́ orúkọ wọn láti ẹnu ara wọn.