Couch to 5K ti NHS: Ètò Ọ̀sẹ̀ Mẹ́sàn-án Tí Mo Fi Ọ̀sẹ̀ Mẹ́tàlá Parí

Àwọn àgbà sọ pé àgbàlagbà kì í ṣàdédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e. Ohun tó ń lé mi ni nọ́ńbà mẹ́ta tí nọ́ọ̀sì kan kọ sórí bébà fún mi nígbà tí mo lọ ṣe àyẹ̀wò ara: kílò 98 ni mo wọ̀n, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 148 lórí 94, BMI mi, ìyẹn ìṣirò ìwọ̀n ara sí gíga ènìyàn, sì lé ní 32. Ọmọ ọdún 51 ni mí, bọ́ọ̀sì ni mo ń wà ní London, orí ìjókòó ni mo sì ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ mi. Nọ́ọ̀sì náà là mí lọ́yẹ̀ pé fún àwa tí a jẹ́ ìran Áfíríkà, BMI 27.5 ni ìlànà ìṣègùn ilẹ̀ yìí ti ń ka ènìyàn sí ẹni tó sanra dé ibi ewu, kò dúró di 30 tí wọ́n ń lò fún àwọn aláwọ̀ funfun. Òun ló ní kí n gba áàpù Couch to 5K (ìyẹn, láti orí ìjókòó dé eré kìlómítà 5) ti NHS, àjọ ìlera ìjọba níhìn-ín, sórí fóònù mi, kí n sì fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Mo ti lò ó parí báyìí, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo sì fẹ́ jábọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ronú àtidín ìwọ̀n ara rẹ̀ kù ṣùgbọ́n tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ètò náà kì í ṣe ohun tuntun. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Josh Clark ló gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1996, ìyá rẹ̀ ló sì ní lọ́kàn, torí ó fẹ́ kí ìyá náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láìfi ara pa. Ní ọdún 2016 ni ẹ̀ka ìlera ìjọba níhìn-ín pẹ̀lú BBC sọ ọ́ di áàpù, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ ó jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ọjọ́ ìsinmi kan, ó kéré tán, yóò sì máa wà láàárín ọjọ́ eré kan sí èkejì. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ oníṣẹ́jú 5 ló ń ṣáájú gbogbo eré, irú ìrìn bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń kẹ́yìn rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, láàárín ìrìn méjèèjì yìí, ẹ ó sáré fún ìṣẹ́jú kan péré, ẹ ó rìn fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ẹ ó sì máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Díẹ̀díẹ̀ ni eré yóò máa gùn sí i tí ìrìn yóò sì máa dín kù, títí ẹ ó fi lè sáré fún ìṣẹ́jú 30 láìdúró ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Ẹ kò ní láti máa wo aago, nítorí ohùn kan yóò máa sọ fún yín létí ìgbà tí ẹ ó sáré àti ìgbà tí ẹ ó rìn, yóò sì jẹ́ kí ẹ mọ̀ nígbà tí ẹ bá dé ìdajì.

Burgess Park ni mo ti ṣe tèmi, páàkì ńlá tó lọ láti ẹ̀gbẹ́ Camberwell títí dé Old Kent Road, nítorí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, etí omi tó wà níbẹ̀ sì tutù ní òwúrọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú kan tí mo ń fojú kéré yẹn gùn lójú mi ju bí mo ṣe rò lọ, nígbà tí ó sì fi máa di ẹ̀ẹ̀karùn-ún mo ti ń mí gúlegúle. Ìyá àgbà kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó ti wòye ẹni tí mo jẹ́, pè mí ní èdè wa pé, “Ọmọ mi, ṣé kò sí o? Ta ló ń lé ọ?” Mo dá a lóhùn pé kò sí o, màmá, ìlera ni mò ń lé. Ó ní Olúwa yóò jẹ́ kí ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ràn àdúrà yẹn púpọ̀, ó sì yé mi láti ọjọ́ náà pé ìtìjú wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jáde, nítorí pé kò mọ́ wa lára kí àgbàlagbà máa sáré ní gbangba láìsí ewu lẹ́yìn rẹ̀. Bí áàpù yìí ṣe ń jẹ́ kí ènìyàn máa rìn kó tó máa sáré wúlò gan-an fún ìtìjú yìí, nítorí ẹni tó ń rìn tó sì ń sáré díẹ̀ kò jọ ẹni tó ń díje pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

Áàpù náà gba ènìyàn láyè láti yan ohùn tí yóò máa darí rẹ̀, mo sì yan Michael Johnson, ẹni tó gba wúrà nínú eré 200 mítà àti 400 mítà ní ìdíje Olympics ní Atlanta ní 1996, ọdún tí àwa ọmọ Nàìjíríà kò lè gbàgbé nítorí wúrà Chioma Ajunwa àti ti àwọn agbábọ́ọ̀lù wa. Ní 2018, rọpárọsẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ mú ọkùnrin yìí, ó sì ní láti tún ìrìn kọ́. Irú mi kọ́ ló yẹ kí ó kọ etí ikún sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ní kí n rọra, torí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń bá mi jà ni ọ̀nà tó yá jù lọ sí àìsàn tó mú un.

Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì lọ dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ojúgun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ẹ̀bi náà sì jẹ́ tèmi, nítorí bàtà rọ́bà àtijọ́ kan tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán ni mo ń wọ̀. Mo sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo fi pọ́n-ùn 55 ra bàtà eré tó nípọn nísàlẹ̀, mo sì tún ọ̀sẹ̀ kẹta ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó bàtà yìí nìkan ni owó tí eré ná mi, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni tó wúwo tó mi nímọ̀ràn pé kí ó dá a sí.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni òkè tó ga jù nínú ètò náà, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n sílẹ̀. Ìjáde àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ eré ìṣẹ́jú 5 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èkejì jẹ́ ìṣẹ́jú 8 lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀kẹta sì jẹ́ ìṣẹ́jú 20 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìsí ìrìn kankan láàárín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, ìṣẹ́jú 12 ni mo sá kí n tó dúró. Mo padà sẹ́yìn, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn tún un ṣe, ìyẹn ló sì kọ́ mi ní ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: eré mi ti yá jù. Eré tó yẹ ni èyí tí ènìyàn lè fi máa sọ gbólóhùn kan parí láìjẹ́ pé ó ń já èémí gbà, bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kíákíá bá tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Nígbà tí mo dín in kù báyìí, ìṣẹ́jú 20 náà parí, mo sì dúró létí omi yẹn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè ketekete. Nítorí náà, èrò mi ni pé ẹni tó bá ti lé ní kílò 90, tàbí tó bá ti lé ní 50 ọdún, kí ó yọ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kúrò lọ́kàn, kí ó fi oṣù mẹ́ta sí i. Áàpù náà gbà yín láyè láti tún ọ̀sẹ̀ tó bá wù yín ṣe iye ìgbà tí ẹ bá fẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ já yín kulẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 ni ètò náà ń fún yín, kìlómítà 5 láàárín ìṣẹ́jú 30 sì jẹ́ eré tó yá díẹ̀ fún olùbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo parí, kìlómítà 3.8 ni mo sá, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ibi tí mo fẹ́ kí àwọn èèyàn wa fara balẹ̀ kà jù lọ nìyí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo ti ń sáré, mo gun òṣùwọ̀n, mo sì rí kílò 97.6. Sísáré ni ètò yìí ń kọ́ni, kò bá oúnjẹ ṣe, ìṣirò rẹ̀ kò sì le. Bí ẹni tó wọ̀n tó mi bá sáré kìlómítà kan, kálórì tó ń jó kò jìnnà sí 100, ìrìn kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìjáde kan ní ọ̀sẹ̀ kìíní, àti ìrìn àti eré, kò gbé mi kọjá nǹkan bíi kìlómítà 3, nítorí náà kálórì 250 tàbí kí ó dín díẹ̀ ni mo ń jó. Òróró tó kún ṣíbí ńlá kan, ìyẹn mílílítà 15, ní kálórì bíi 120 nínú. Gbogbo òógùn tí mo là ní òwúrọ̀ kan kò ju ṣíbí òróró méjì lọ, bẹ́ẹ̀ ni a ń da òróró sínú ìkòkò ọbẹ̀ ata láìfi nǹkan kan wọ̀n ọ́n.

Mo wá fi ètò oúnjẹ kún ètò eré. NHS kan náà ní ètò dídín ìwọ̀n ara kù fún ọ̀sẹ̀ 12, ọ̀fẹ́ ni òun náà, tó fi kálórì 1,900 lójúmọ́ sí ti ọkùnrin àti 1,400 sí ti obìnrin, tó sì ń lé àtidín ìdajì kílò sí kílò kan kù lọ́sẹ̀. Mo ra òṣùwọ̀n kékeré sí ilé ìdáná, ohun àkọ́kọ́ tí mo sì gbé lé e ni gààrí. Èyí tí mo máa ń fi tẹ ẹ̀bà fún ara mi nìkan jẹ́ gíráàmù 210, gààrí gbígbẹ gíráàmù 100 sì sún mọ́ kálórì 350, tó fi jẹ́ pé kálórì tó lé ní 700 ni mò ń jẹ kí n tó kan ọbẹ̀, ní agogo mẹ́wàá alẹ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, lẹ́yìn èyí tí ibùsùn ló kàn. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rí i. Mi ò fi ẹ̀bà sílẹ̀ o, nítorí oúnjẹ tí ènìyàn bá kórìíra kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Gíráàmù 100 ni mò ń tẹ̀ báyìí, tí mo sì ń fi ẹ̀fọ́ rírò, ewédú, ẹja àti ẹ̀wà dí àyè tó ṣẹ́kù. Ọbẹ̀ ilé wa tó ń gba òróró ife kan tẹ́lẹ̀, ṣíbí mẹ́rin ni ìyàwó mi ń fi sè é fún gbogbo ilé, ata tí a bá sì fara balẹ̀ yan dáadáa kò jẹ́ kí ẹnu mọ ìyàtọ̀. Mọ́ọ̀tì tí mo máa ń mu nídìí ọkọ̀ ni mo fi omi rọ́pò.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí a yé fi tan ara wa. Àwọn oníṣègùn ní kí a máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ ìpín márùn-ún lójúmọ́, gíráàmù 80 ni ìpín kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì rò pé dòdò àti iṣu wà lára rẹ̀. Kò sí iṣu níbẹ̀, kò sí ẹ̀gẹ́, kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, oúnjẹ agbáralókun ni wọ́n ka gbogbo wọn sí. Ṣùgbọ́n ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ilá wà níbẹ̀, wọ́n sì pọ̀ ní ọjà Rye Lane ní Peckham ní iye tí owó àpò ká.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹtàlá, kílò 93 ni mo wọ̀n. Kílò 5 lè kéré létí ẹni tó ti gbọ́ ìpolówó àwọn tíì tí wọ́n ní yóò mú ikùn lọ láàárín ọjọ́ méje, àmọ́ omi ara àti ìgbẹ́ ni irú tíì bẹ́ẹ̀, tí ewé sẹ́nà sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ń lé jáde, ọ̀rá wà níbi tó wà. Ìfúnpá mi ti wá sí 136 lórí 86. BMI mi ṣì jẹ́ 31, nítorí náà iṣẹ́ ṣì pọ̀ níwájú mi, dókítà mi kò sì tíì ní kí n fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀, n kò sì fi í sílẹ̀ fúnra mi.

Ẹni tí àyà ń dùn, tí orúnkún rẹ̀ ti jẹ, tàbí tó ń lo oògùn ọkàn, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ nìkan lè tó irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan àkọ́kọ́. Ẹni tó wà nílé ní Ìbàdàn tàbí Èkó tí kò sì fẹ́ gba áàpù kankan lè fi aago ọwọ́ ka ìṣẹ́jú tí mo kọ sókè yìí, kí ó jáde ní ìdájí kí oòrùn àti ọkọ̀ tó pọ̀. Ní tèmi, parkrun ni mo ń lọ báyìí, ìpàdé ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Bushy Park ní 2004, níbi tí wọ́n ti ń sáré tàbí rin kìlómítà 5 ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Sátidé. Ọ̀kan wà ní Burgess Park gan-an. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kìíní ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ohùn obìnrin ló sì yàn.