Eyín ṣáàkì tí mo rà: ńlá ló parọ́, kékeré ò parọ́

Ṣáàkì ni mo wí o, ẹja òkun, kì í ṣe ṣàkì tí ẹ fi ń jẹ àmàlà láfún.

Àbígbẹ̀yìn mi ló kó mi sí i. Ó rí fídíò àwọn tó ń fi asẹ́ jọ yanrìn etíkun ní Venice, ní Florida, tí eyín ṣáàkì àtijọ́ tó ti di òkúta, dúdú dúdú, ń jáde, ó bá di kí a lọ wá tiwa. Níbo? Àpáta líle ló wà lábẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹja kankan ò kú sínú rẹ̀. Ni mo bá rà á lọ́wọ́ àwọn kan ní Èkó: kékeré 10, ńlá kan tí wọ́n ní ti megalodon ni, ṣáàkì abàmì tó ti parẹ́ láti ohun tó lé ní mílíọ̀nù 3 ọdún.

Ẹrù dé gáréèjì láìfọ́. Òwú ni wọ́n fi wé eyín kọ̀ọ̀kan, ìyẹn wú mi lórí. Mo wá gbé ńlá náà lọ́wọ́, ó fúyẹ́ bí ìdérí ìgò. Eyín tó ti di òkúta kì í fúyẹ́ báyẹn. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lójú oòrùn, mo rí ihò róbótó tíntìntín lára rẹ̀, bí ìgbà tí nǹkan hó kó tó gan. Mo mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ ìyá wọn, mo fi í síná gáàsì títí ó fi pọ́n, mo fi kan gbòǹgbò eyín náà. Ó rì wọlé ṣìnkìn! Gbogbo ilé ń rùn bí ìgbà tí sílípáàsì bá jóná.

"Bàbá mi, ṣé ẹja náà ló ń rùn?"

Orí mi gbóná. Mo pe àwọn tó tà á lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò gbé e. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin kan gbé e: "Ẹ káàsán, sà." Mi ò dáhùn, jìbìtì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ́ kí n pariwo tán.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Àfọwọ́ṣe ni ńlá yẹn, ó wà nínú ìwé abẹ́ páálí."

Mo wò ó. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́tà bí ẹsẹ̀ èèrà. Ta ló ń ka abẹ́ páálí kó tó sanwó?

Ó ní kí n ṣí fídíò, kí n tẹ́ àwọn kékeré sórí aṣọ funfun. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Èyí tó rí bí ogbe àkùkọ, tí etí rẹ̀ dà bí ayùn, ti ṣáàkì táígà ni. Èyí tó gùn tínínrín, tí eyín wẹ́wẹ́ méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí rẹ̀, ti sand tiger, irú ṣáàkì mìíràn. Ó ní ẹrẹ̀ tí wọ́n sùn sí ló pa wọ́n láró dúdú, kì í ṣe pé dúdú ni wọ́n láàyè. Ọmọ mi ní egungun ẹja náà ńkọ́? Ó ní rírọ̀ ni, bíi ti etí wa, ó ti jẹrà. Eyín ló ń ṣẹ́kù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ṣáàkì kan sì máa ń pa dànù kó tó kú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já lẹ́ẹ̀mejì, òun ló ń pè padà, pẹ̀lú dátà tirẹ̀. Kí Ọlọ́run bá mi kẹ́ ọmọ náà.

Wọ́n dá owó eyín ńlá yẹn padà lọ́jọ́ Ajé. Owó wéébíìlì, mi ò tíì rí i.

Máàkì tí mo fún wọn: 2 nínú 5. Ọmọ mi ní kí n kọ 10, àmọ́ kì í ṣe òun ló sanwó.