Áàpù orin wo ló yẹ ká sanwó fún? Ìfiwéra fún olólùfẹ́ àpàlà, sákárà àti jùjú l'Ábùjá

Láti Kubwa dé Wuse, tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá mú wa, odindi wákàtí kan lè lọ lójú ọ̀nà, orin ni mo sì fi ń gbé e. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tan Hárúnà Ìṣọ̀lá lórí áàpù kan tí mò ń sanwó fún lóṣooṣù. Nígbà tí àpàlà yẹn tán, áàpù náà yan èyí tó kàn fúnra rẹ̀. Kí n tó dé Berger, orin ijó àwọn ọ̀dọ́ ló ń dún. Orin náà dáa, àmọ́ ó jìnnà pátápátá sí ohun tí mo tìtorí ẹ̀ sanwó. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sanwó nítorí wọ́n ní áàpù á máa bá yín ṣa orin.

Ẹ̀rọ tó ń bá wa ṣa orin yìí kò mọ òwe tí olórin ń pa. Ipasẹ̀ àwọn olùgbọ́ yòókù ló ń tọ̀ jù lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Amazon ṣe ń tajà: ẹni tó ra èyí tún ra tọ̀hún. Ní 2003 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn kọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ jáde. Ọ̀nà náà gbè orin tó ń lọ lóde. Ṣùgbọ́n rédíò ni ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá tó mọ ìyàtọ̀ sákárà sí àpàlà ń gbọ́, wọn ò fi ipasẹ̀ kankan sílẹ̀ lórí áàpù. Orúkọ náà tún ń da nǹkan rú. Ebenezer Obey dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964, ẹgbẹ́ yẹn ló wá di Inter-Reformers. Ọkùnrin kan náà ni, àmọ́ tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ lónírúurú, ẹ̀rọ lè kà á sí olórin méjì.

Spotify dé Nàìjíríà ní oṣù Kejì 2021. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń kó orin 30 jọ fún yín. Ẹni tí etí rẹ̀ gba oríṣiríṣi ló máa gbádùn rẹ̀ jù. Tí ọmọ bá fẹ́ fi fóònù yín gbọ́ orin, ẹ tan private session kẹ́ ẹ tó gbé e fún un, torí kó má baà da ìṣirò yín rú.

Apple Music kò ní ti ọ̀fẹ́ lẹ́yìn àsìkò ìdánwò. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé èèyàn ló fọwọ́ to púpọ̀ nínú àkójọ orin wọn.

YouTube Music ni mo ti rí àwo àtijọ́ jù, nítorí ẹnikẹ́ni ló lè gbé orin sórí YouTube. Odindi ojú àwo kan, bí ìṣẹ́jú 20, wà níbẹ̀ láìgé. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ wò lórí YouTube ń wọ inú ìdámọ̀ràn orin yín. Tẹ́ ò bá sì sanwó, orin á dákẹ́ tí ojú fóònù bá ti ṣókùnkùn.

Boomplay àti Audiomack kò ni àpò lára púpọ̀, àmọ́ orin tuntun ni wọ́n sáábà ń tì síwájú mi.

Àwọn tó ń kó orin sórí mẹ́mọ́rì káàdì náà ṣì wà lọ́jà. Mo dárúkọ Àyìnlá Ọmọwúrà fún ọ̀kan nínú wọn, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìlù lẹ fẹ́ ni, àbí ọ̀rọ̀?" Kò sí áàpù tó bi mí nírú ìbéèrè yẹn rí. Ó dùn mí pé olórin ò rí kọ́bọ̀ kan níbẹ̀. Nítorí náà, mo kọ orúkọ àwọn tó dárúkọ fún mi sílẹ̀, mo sì lọ wá wọn fúnra mi lórí áàpù.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wá Yusuf Ọlátúnjí onísákárà àti Bàtílì Àlàké oníwákà. Ẹ wo iye àwo tó jáde, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yan orin márùn-ún tó tẹ̀ lé e. Tí kò bá sí sákárà tàbí wákà kankan nínú wọn, ìdámọ̀ràn ibẹ̀ ò tó ohun tí à ń sanwó fún. Èmi ti yan YouTube Music, mo sì pa autoplay, ìyẹn ohun tó ń yan orin tó kàn fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìdánwò máa parí sílẹ̀ o, torí tó bá ti kọjá, wọ́n á yọ owó láìtún bi yín.