Ìpàdé pẹ̀lú nọ́ọ̀sì MS: àgbéyẹ̀wò láti ẹnu ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àrùn náà lára rẹ̀

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni ìpàdé tí ilé ìwòsàn kan ní gúúsù London máa ń ṣètò láàárín nọ́ọ̀sì tó mọ̀ nípa multiple sclerosis, tí a ń pè ní MS, àti ẹni tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn lára rẹ̀. Ojú òsì mi ló kọ́kọ́ ṣú, tó ń dùn mí bí mo bá yí i. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹsẹ̀ mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kú, bíi pé mo jókòó lé wọn lórí. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ mi nínú ẹ̀rọ MRI, wọ́n fa omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn mi, dókítà sì dárúkọ àrùn náà fún mi láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi dúró kí n tó rí nọ́ọ̀sì. Ó pọ̀ jù fún ẹni tí kò rí oorun sùn, òun nìkan sì ni mo fi yọ nínú máàkì wọn.

Nígbà tí ọjọ́ pé, obìnrin náà fara balẹ̀ fún mi. Ó ní kí n ro ti wáyà iná tí rọ́bà bò: iṣan tó ń gbé iṣẹ́ tí ọpọlọ rán lọ sí ara ní ìbòrí bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní myelin, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà ló sì yíjú sí i, tí wọ́n ń bó o. Ibi tó bá ti bó ni iṣẹ́ ti ń falẹ̀ tàbí kí ó má dé rárá, ìdí nìyẹn tí àmì àrùn náà fi yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ó ní èyí tó ń dìde tó tún ń rọlẹ̀ ni tèmi, bíi ti ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lára wọn, pé oògùn kò lè wò ó tán, ṣùgbọ́n ó lè dín iye ìgbà tí yóò dìde kù. Mo béèrè ìdí tí ojú mi fi ń ṣú bí mo bá fi omi gbígbóná wẹ̀. Ó ní ooru máa ń mú kí iṣan tó ti bó túbọ̀ falẹ̀ fúngbà díẹ̀, pé ìdìde tuntun kọ́, nítorí ìyẹn máa ń lò ju wákàtí 24 lọ. Ẹ̀rù tí mo ti ń gbé kiri láti ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kúrò lára mi níbẹ̀.

Ó tún jẹ́ kí n mọ̀ pé òfin Equality Act ti 2010, òfin ilẹ̀ Britain tó lòdì sí ojúsàájú, dáàbò bò mí níbi iṣẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rí àrùn náà, àti pé dandan ni kí n sọ fún DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìwé àṣẹ ìwakọ̀, nítorí mo ń wa ọkọ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí irú ìpàdé yìí, kí ó kọ ìbéèrè rẹ̀ sínú ìwé.

Ohun tí mo fi ń gbóríyìn fún wọn jù ni pé mo lè sọ ohun tí mo gbọ́ fún ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pe Màámi, ohun tí wọ́n bi mí ni, "Ta la ṣẹ̀, ọmọ mi? Ṣé kì í ṣe àfiṣe?" Mi ò ní èsì. Alẹ́ ọjọ́ ìpàdé yẹn ni mo fi wáyà iná ṣe àpèjúwe fún wọn. Wọ́n dákẹ́ pẹ́, wọ́n béèrè bóyá ó ń ràn, mo ní kì í ràn. Wọ́n wá béèrè ọjọ́ tí n óò bẹ̀rẹ̀ oògùn.