Super Famicom láti Jàpáànì nínú yàrá wa ní Manchester: ihò bára mu, iná ò bára mu

Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń lo Super Famicom, ẹ̀rọ géèmù Nintendo kan tí mo rà láti Jàpáànì. Ó kéré tán, èèyàn mẹ́ta ló ti bi mí bí mo ṣe so ó mọ́ iná àti tẹlifíṣọ̀n níbí, mo sì ti rojọ́ rẹ̀ lórí fóònù títí ó fi sú mi. Ó yá, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún un. Adapter (àpótí kékeré tó ń sọ iná ara ògiri di èyí tí ẹ̀rọ lè lò), kébùlù àti gbogbo ohun tó dúró láàárín òun àti tẹlifíṣọ̀n, méjì péré ni mo fún wọn, torí àwọn ló jẹ mí lówó, àwọn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀yin náà. "Bàbá Ìbejì, ṣé kò sí irú ẹ̀ ní Manchester ni?" Ó wà. Super Nintendo tí wọ́n tà ní Yúróòpù láti 1992, bí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Super Famicom tó jáde ní Jàpáànì lóṣù kọkànlá ọdún 1990, ẹ lè pè wọ́n ní ìbejì. Àmọ́ tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ yìí láyé ìgbà yẹn ń ya àwòrán ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti Jàpáànì àti Amẹ́ríkà ń yà á ní ìgbà 60. Ọ̀pọ̀ géèmù tí wọ́n kó wá síbí ni wọn ò tún ṣe kó bá 50 mu. Wọ́n kàn sọ ọ́ sórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, géèmù ń falẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́fà, àlàfo dúdú sì ń wà lókè àti nísàlẹ̀ àwòrán, bí ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹni tó bá ti fi F-Zero, géèmù eré ọkọ̀, sáré lórí 60 rí, tó wá ṣe é lórí 50, á rò pé táyà ọkọ̀ òun ló jò.

Ohun tó dé nínú páálí ni ẹ̀rọ, pádì méjì, kásẹ́ẹ̀tì F-Zero àti ti Super Mario Kart. Kò sí adapter. Mo rò pé ẹni tó tà á gbàgbé ni, àṣé bí wọ́n ṣe ń tà á láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn: adapter Famicom àtijọ́ ti 1983 (ẹ̀rọ géèmù Nintendo tó ṣáájú rẹ̀), tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ HVC-002, ni Super Famicom náà ń lò, ẹni tí kò bá ní in nílé ló ń rà á lọ́tọ̀.

Ní tèmi, ọmọ Ìbàdàn ni mí, mo mọ ọ̀rọ̀ iná. Ní àdúgbò wa, bí èèyàn bá kó ẹ̀rọ bọ̀ láti Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó kí i káàbọ̀ ni wọ́n á ti máa béèrè pé step-down ńkọ́? Géèmù tí bàbá kékeré mi gbé bọ̀ láti Houston, ojú gbogbo wa ló ṣe jó, nítorí pé iná 120 ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n sì ki í bọ iná 240. Òórùn rẹ̀ ò tíì kúrò ní imú mi. Torí náà, mo mọ̀ pé fóltì 100 ni iná ilé ní Jàpáànì, pé 230 ni tibí, mo sì ti pinnu pé mi ò ní ki ohunkóhun tó ti Jàpáànì wá bọ ara ògiri yìí ní tààràtà. Ara ògiri nìkan ni mo ń wò. Mi ò wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ.

Ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta géèmù àtijọ́ ní ìgboro ta adapter Super Nintendo ti Yúróòpù fún mi. Ọmọkùnrin tó tà á fi dá mi lójú pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ní, iná 230 ló ń jẹ, ọkàn mi sì balẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wọnú ihò ẹ̀yìn Super Famicom wọ́rọ́wọ́. Mo ti bọ́tìnnì iná síwájú. Iná pupa kékeré tó yẹ kó tàn níwájú ẹ̀rọ ò tàn. Mo tì í padà, mo tún tì í síwájú. Ilé dákẹ́.

Bọ̀dá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Mo gbé e lọ bá wọn lọ́jọ́ Sátidé. Adapter ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i dẹ̀yìn, wọ́n wá wò mí.

"Ṣé o wo ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ kó o tó ki í bọ ọ́?"

"Ihò ẹ̀ bára mu, sà."

"Ihò! Ihò imú náà bá ìka mu."

Ohun tí wọ́n fi hàn mí nìyí, òun gan-an ló sì jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí. Adapter ti Yúróòpù yẹn ń tú iná fóltì 9 jáde, ṣùgbọ́n AC ni, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ bíi ti ara ògiri. Inú ẹ̀rọ Yúróòpù ni wọ́n fi ohun tó ń sọ ọ́ di DC, iná tó ń lọ sọ́nà kan ṣoṣo, sí. Ti Jàpáànì ò rí bẹ́ẹ̀: inú adapter ni iṣẹ́ yẹn ti ń parí, DC fóltì 10 ni ẹ̀rọ ń retí, milliamp 850, tí nẹ́gétíìfù wà láàárín ihò, tí pọ́sítíìfù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ tún wò ó, nẹ́gétíìfù ló wà láàárín. Ọ̀pọ̀ adapter tó wà nílé yín, òdìkejì ni wọ́n. Lára adapter, ìgbì kékeré kan ni àmì AC. Àmì DC ni ìlà gbọọrọ tí ìlà gígékúrú wà lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán róbótó kan máa ń wà níbẹ̀ tó ń fi hàn èwo nínú àmì ìròpọ̀ àti àmì ìyọkúrò ló so mọ́ àárín. Kékeré báyìí ni gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún á wá awò ojú.

Orí kó mi yọ. Fíùsì kan wà lórí pátákó inú rẹ̀ tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, amp 1.5, òun ló kú dípò ẹ̀rọ. Sikúrúù tí Nintendo fi dè é ò gba ìdè-sikúrúù tó wà nílé yín, irú èyí tí wọ́n ṣe fún un, milimítà 4.5, lẹ máa wá. Bọ̀dá ní tiwọn. Wọ́n jó fíùsì tuntun mọ́ ọn, iná pupa tàn, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, àmọ́ wọ́n gba àdéhùn pé n kò tún ní ki nǹkan bọ nǹkan mọ́ láìkà á.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ra HVC-002 gidi pẹ̀lú step-down tó ń sọ 230 di 100. Ó ṣiṣẹ́. Ẹ má dààmú lórí pé iná tibí jẹ́ 50Hz, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan: Jàpáànì fúnra rẹ̀ pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Tokyo àti ìhà ìlà-oòrùn ń lo 50, Osaka àti ìwọ̀-oòrùn ń lo 60, torí pé láti òpin ọ̀rúndún 19 ni àwọn kan ti ra ẹ̀rọ amúnáwá láti Jámánì, tí àwọn kejì rà á láti Amẹ́ríkà, wọn ò sì tíì pa á pọ̀ di òní. Adapter wọn ń jẹ méjèèjì. Ohun tí mi ò fẹ́ nípa step-down ni pé ó wúwo bíi bíríkì, ó ń kùn bí oyin, ó ń gbóná, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń jẹ iná bí mo bá gbàgbé rẹ̀ sí ara ògiri. Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n ṣe fún ẹrù Amẹ́ríkà, irú tó kún Alábà: 110 tàbí 120 ló ń tú jáde, kì í ṣe 100. HVC-002 á gbà á, ṣùgbọ́n yóò máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ.

Èyí tí mo ń lò báyìí ni adapter tuntun tí kò wúwo ju ṣájà fóònù lọ. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ń jẹ iná 100 títí dé 240, ó ń tú DC fóltì 9 jáde, amp 1.5, nẹ́gétíìfù láàárín. Fóltì 9 dípò 10 ò dùn ún rárá. Fóltì 5 ni ẹ̀rọ ń sọ ọ́ dà nínú lọ́hùn-ún, ìyókù á kàn di ooru. Ṣé ẹ rí i pé n kò nílò step-down láti ìbẹ̀rẹ̀? Ẹ̀rọ yẹn ò mọ iye iná tó wà lára ògiri, adapter nìkan ló mọ̀ ọ́n. Step-down ti di ohun tí ìyàwó mi fi ń ti ilẹ̀kùn yàrá ìdáná kó má baà padé.

Ó ku àwòrán.

Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lórí ihò tí wọ́n ṣe fún wáyà ẹ̀ríàlì. Ìkànnì tí Jàpáànì fi í sí, tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò lè rí i. Kébùlù ẹlẹ́nu mẹ́ta, yẹ́lò, funfun àti pupa, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, lórí tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá kan tí aládùúgbò wa fẹ́ kó dànù. Ohùn jáde, àwòrán jáde, dúdú òun funfun. Taiwo ní, "Dádì, ṣé bí TV ṣe máa ń rí nìyí nígbà tí ẹ wà ní kékeré?" Inú wáyà yẹ́lò yẹn, wọ́n máa ń di àwọ̀ mọ́ àwòrán ni, Jàpáànì ń dì í lọ́nà NTSC, tibí ń tú u lọ́nà PAL. Tẹlifíṣọ̀n tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú ti NTSC á fi àwọ̀ sílẹ̀, á mú ìyókù. Ọ̀nà àbáyọ ni SCART, ihò ńlá ẹlẹ́sẹ̀ 21 tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù ayé ọjọ́un. Níbẹ̀, pupa, àwọ̀ ewé àti búlùú ní wáyà tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń tú. Ọjọ́ tí mo so ó mọ́ ọn báyẹn, mo pe ìyàwó mi láti yàrá ìdáná kó wá wo àwọ̀. Ó wò ó, ó ní ó dáa, ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kébùlù RGB yìí, ti pupa, àwọ̀ ewé àti búlùú, náà ní ètekéte tirẹ̀. Ẹnu kan náà ni ti Jàpáànì àti ti Yúróòpù fi ń wọ ara ẹ̀rọ, iṣẹ́ inú wọn yàtọ̀. Ẹsẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé lára ẹ̀rọ Yúróòpù, fóltì 12 ló ń bá ibẹ̀ jáde láti jí tẹlifíṣọ̀n. Lára ti Jàpáànì, àmì tó ń mú àwòrán dúró sójú kan ló ń gba ibẹ̀. Bí ẹ bá fi kébùlù ti Jàpáànì bọ ẹ̀rọ Yúróòpù, ẹ ti da fóltì 12 sí ibi tí tẹlifíṣọ̀n ti ń retí ohun tín-ín-rín. Mo so òwú pupa mọ́ tèmi. Àwọn ará Jàpáànì tún ní kébùlù ẹlẹ́sẹ̀ 21 tiwọn, ìrísí rẹ̀ àti ti SCART ò yàtọ̀ rárá, ìtò wáyà inú rẹ̀ ni kò jọra. Bẹ́ẹ̀ ni, ihò bára mu níbẹ̀ náà.

Nígbà tí a gbé tẹlifíṣọ̀n onídìí kúrò ní pálọ̀ (ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ìjà tó wà níbẹ̀), ó di dandan kí n lo ti pẹlẹbẹ. Ó gba wáyà yẹ́lò, pẹ̀lú àwọ̀ pàápàá, ṣùgbọ́n àwòrán rí bí ẹni fi omi nu ún, bí mo bá sì tẹ pádì, ọkọ̀ mi á ti forí sọ ògiri kó tó yà. Àpótí olówó pọ́ọ́kú kan tó ń sọ SCART di HDMI, tí mo rà ní nǹkan bíi pọ́n-ùn 15, tún wá bà á jẹ́ sí i. Ìdí ni pé ìlà 240 ni Super Famicom ń fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, odindi àwòrán sì ni. Tẹlifíṣọ̀n tuntun àti àpótí yẹn gbà pé ìdajì àwòrán ìlà 480 ni, wọ́n á dúró de ìdajì kejì, wọ́n á lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ohun tó bá ń ṣẹ́jú nínú géèmù á wá dà bí ìyàrí onígi, ìgbà mìíràn ẹ ò ní rí i rárá.

RetroTINK 2X-Pro, àpótí kan tí wọ́n dìídì ṣe fún géèmù àtijọ́, ló yanjú ẹ̀. Kébùlù S-Video, tó ń ya àwọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù àwòrán, wọ ibẹ̀, HDMI jáde, ó sì ń gba iná láti ihò USB ara tẹlifíṣọ̀n. Ó mọ ohun tí 240 jẹ́, kì í dúró de nǹkan kan, ó kàn ń sọ ìlà kọ̀ọ̀kan di méjì ni. Àléébù rẹ̀ kò ju méjì lọ: owó rẹ̀ ju ti ẹ̀rọ géèmù fúnra rẹ̀ lọ, 480 tó ń tú jáde kì í sì í mú bí abẹ lórí tẹlifíṣọ̀n tó bá gbòòrò gan-an. Ẹ rántí láti sọ fún tẹlifíṣọ̀n kó má fa àwòrán fẹ̀. 4:3 ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Mario á sanra.

Mo gbé e lọ sílé ní Kérésì. Púlọ́ọ̀gì Nàìjíríà àti tibí ò yàtọ̀, adapter yẹn ò sì fi ti NEPA ṣe: alẹ́ ọjọ́ kan tí iná rẹlẹ̀ tí fáànù ń yí bí ẹni tó ń ronú, géèmù ò mira. Step-down àti HVC-002 ò bá ti kú síbẹ̀. Iná tó bá ga kọjá 240 ni kí ẹ bẹ̀rù, kí ẹ fi sìtẹbiláísà ṣáájú rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mi ò tíì ṣe. Nínú kásẹ́ẹ̀tì Super Mario Kart wa, bátìrì pẹlẹbẹ kékeré kan wà tó ń rántí àkókò tí èèyàn fi sá eré. Ti ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ní Jàpáànì ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Bọ̀dá ní bátìrì náà ti gbó, kí n gbé e wá káwọn pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ ọ́, gbogbo àkókò yẹn á parẹ́. Àwọn Ìbejì kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí àwọn á fi sáré ju ẹni yẹn lọ. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì ló kù.