Wikimedia Commons nínú kíláàsì àròkọ Yorùbá: àgbéyẹ̀wò láti Kubwa

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Yorùbá láàárọ̀ Sátidé ní Kubwa ni kò tíì fojú kan Ìbàdàn rí, ká má tíì sọ Ẹdẹ tàbí Ìṣẹ́yìn. Abuja níbí ni wọ́n bí wọn sí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé ìwé, Hausa ni wọ́n ń gbọ́ lọ́jà, Yorùbá wá ku ti inú ilé. Bí o bá ní kí wọ́n kọ àròkọ alápèjúwe lórí ọjọ́ ọjà, ohun tí wọ́n ti há sórí ni wọn yóò dà sínú ìwé fún ọ: "Ọjà ìlú mi tóbi púpọ̀. Oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀." Ọmọ kan kọ ọ́, gbogbo kíláàsì kọ ọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n máa gbé fọ́tò wọ kíláàsì nìyẹn. Wikimedia Commons ni mo ti ń mú èyí tó pọ̀ jù, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe rí fún ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí tí ẹ bá ń ronú àtilò ó.

Ibi ìkópamọ́ fọ́tò àti fáìlì mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ọdún 2004 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwòrán orí Wikipedia ti ń wá, fáìlì inú rẹ̀ sì ti lé ní 100 mílíọ̀nù. Kò sí owó tí ẹ máa san, ẹ ò sì nílò àkáǹtì kí ẹ tó lè wa fọ́tò jáde. Ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju wíwá fọ́tò kiri lórí Google lọ ni pé fọ́tò kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ewé tirẹ̀: ẹni tó yà á, ìgbà tó yà á, ibi tó ti yà á, àti àṣẹ tó fún àwa tí a fẹ́ lò ó. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́, ẹ lè gé e, ẹ tiẹ̀ lè fi ṣe ìwé tà, bí ẹ bá ṣáà ti ṣe ohun tí àṣẹ náà wí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ń béèrè ni kí ẹ dárúkọ ẹni tó yà á. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni mo máa ń jẹ́ kó kọ orúkọ yẹn sábẹ́ àròkọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fọ́tò obìnrin Gbagyi kan tó ń gbé igi ìdáná bọ̀. Mo pín in yí ká, mo ní kí kálukú kọ ohun tó rí, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ló kọ ọ́ pé ìyá náà ru igi sórí. Mi ò bá wọn wí. Mo kàn ní kí wọ́n fi ìka tọ́ka sí igi náà. Ó ṣe díẹ̀ kí ọmọbìnrin kan tó wí pé, "Àǹtí, kò sí nǹkan kan lórí wọn o. Èjìká ni igi wà." Bẹ́ẹ̀ ló rí. Èjìká ni àwọn obìnrin Gbagyi ń gbé ẹrù lé, ilẹ̀ Gbagyi la sì ń gbé; àwọn ọmọ yìí ti pàdé wọn lọ́nà láìmọye ìgbà. Nígbà tí wọ́n tún un kọ, ọ̀kan kọ ọ́ pé ọrùn ìyá náà tẹ̀ sí òsì kí igi lè ráyè, òmíràn rí aṣọ tó ká sábẹ́ igi kó má bàa ha á lára. Irú gbólóhùn tí mò ń wá gan-an nìyẹn.

Ti ibi ìrẹ aró Kofar Mata ní Kano náà gbé wa jìnnà. Ọdún 1498 ni wọ́n máa ń sọ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mo gbé fọ́tò àwọn aláró Abẹ́òkúta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo bi wọ́n pé kí ló yàtọ̀. Ihò àti ìkòkò ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé ọkùnrin ló ń rẹ aṣọ ní Kano, obìnrin ló ń rẹ ẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ta ló wá ń kọ́ ta níṣẹ́ níhìn-ín, ta ló ń kọ́ ta lọ́hùn-ún? Àwọn kan pe ìyá wọn àgbà lórí fóònù kí wọ́n tó kọ tiwọn.

Ibi tó kù sí ni ìgbé ayé ojoojúmọ́. Ìdíje ló ń mú ọ̀pọ̀ fọ́tò ilẹ̀ wa débẹ̀, irú Wiki Loves Africa tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, nítorí náà ọdún, ẹṣin àti aṣọ ńlá pọ̀ ju ẹni tó ń dín àkàrà láàárọ̀ tàbí mai ruwa, ìyẹn ọlọ́mi, tó ń ti ọmọlanke lọ. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì wá nǹkan, ti Yorùbá kì í mú púpọ̀ jáde. Ẹ má sì gba gbogbo àlàyé abẹ́ fọ́tò gbọ́ láìwádìí. Ohun tí mi ò bá rí, àwọn ọmọ ni mo ń ní kó fi fóònù òbí wọn yà, a kì í sì í gbé ojú ọmọ kankan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó náírà 20 pàápàá wúlò: ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ladi Kwali wà, amọ̀kòkò ọmọ Gbagyi tó ṣiṣẹ́ ní Suleja nígbà tí ìlú náà ṣì ń jẹ́ Abuja.

Ní ti dátà, ojú ewé fọ́tò máa ń ní ìwọ̀n kéékèèké tí ẹ lè mú, èyí tó kéré sì tó fún bébà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní aláwọ̀ bí agbára bá ká a. Fọ́tò aró tí wọ́n tẹ̀ ní dúdú àti funfun kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù: láti 2019 ni àyè ti wà lójú ewé fọ́tò kọ̀ọ̀kan fún àlàyé kúkúrú ní èdè tó bá wuni, Yorùbá wà níbẹ̀. Kíláàsì mi jùmọ̀ ń gbẹ́ gbólóhùn kan títí yóò fi gún, èmi a wá fi sí i. Bí ẹ bá ti ní àkáǹtì Wikipedia, òun náà lẹ máa fi wọlé.